Ìyá Ràṣídá Ń Wá Ojú Ọmọ Rẹ̀

Ìyá Ràṣídá, aládùúgbò wa ní Ẹgbẹ́dá, ti rí ọmọ rẹ̀ padà lórí fóònù.

Ìyá ò mọ̀wé kà. Fọ́tò ló fi ń dá kálukú mọ̀ lórí WhatsApp: á tẹ ojú ẹni tó fẹ́, á sì sọ̀rọ̀ sí i. Lónìí tí Ràṣídá lọ bímọ, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó gbé fóònù náà lọ bá aládùúgbò kan: "Bàbá Tọ́pẹ́, ta ló yọ ọmọ mi kúrò?"

"Òun nìyí, Ìyá. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, fọ́tò ọ̀rẹ́ ló gbé síbẹ̀."

"Ọ̀rẹ́ wo jàre? Èmi tí mo bí i, kò gbé tèmi síbẹ̀ rí!"

Ó tẹ ojú ọ̀rẹ́ náà, ó sì ṣàdúrà gbọọrọ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ fọ́tò, ṣé ìyá yín ṣì ń rí yín?

Ràṣídá ò tíì gbọ́ àdúrà náà. A ò tíì mọ̀ bóyá ó ti bí.