Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Tí N Ò Kọ́

Lọ́rì ni mo mọ̀ ọ́n wà. Mo ti fi lọ́rì kó yanrìn láti Ìbà dé Ọ̀jọ́ títí tí ọ̀gá kan tó ń ta táìlì ní Okokomaiko fi gbà mí ní dírẹ́bà. Ará Èkìtì bíi tèmi ni. "Àbúrò" ló máa ń pè mí, èmi náà sì gbà pé mo ti ní ẹ̀gbọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń wa fọkilíìfù wa, ẹ̀rọ tó ń fi ìka irin méjì gbẹ́rù, fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá bá èmi àti ọ̀rẹ́ mi, tó ń ru táìlì fún un, níbi tá a ti ń mu gàrí, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Àbúrò, bọ́ sórí ẹ̀."

"Ọ̀gá, n ò kọ́ ọ rí o."

"Ṣé kì í ṣe mọ́tò náà ni? Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, màá rán ẹ lọ kọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ̀rù ló ń bà á, sà."

Kò parọ́. Mo gun ẹ̀rọ náà, mo ń súfèé kí wọ́n má baà gbọ́ bí eyín mi ṣe ń lu ara wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé taya ẹ̀yìn ló fi ń yà, kì í ṣe tiwájú. Bí o bá yà sọ́tùn-ún, ìdí ẹ̀rọ á gbá sósì. Ọjọ́ kẹta ni mo fi ìdí rẹ̀ wó ògiri ṣáláńgá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó sì kọjá.

Bí ẹrù bá wúwo débi pé ìdí ẹ̀rọ ń gbé sókè, ẹnì kan la máa ń ní kó dúró sórí ìdí rẹ̀ kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á ní, "Ẹni tó sanra dà?" Ọ̀rẹ́ mi ló sanra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́yìn mi, mo yà sọ́tùn-ún, ìdí ẹ̀rọ gbá sósì, ó sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó.

Ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ sójà ní bárékè Ọ̀jọ́ béèrè ẹni tó fi mí sórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ò wo ojú mi.

"Òun ló ní òun mọ̀ ọ́n wà."

Ẹ̀rù sójà yẹn bà mí ju ti ẹ̀rọ lọ, àmọ́ mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. "Sọ fún wọn. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì. Ó wo ọ̀gá, ẹni tó ń sanwó ọsibítù.

"N ò rántí," ló wí.

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. N ò bá ọ̀rẹ́ mi jà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ kọ́ wọn kí ẹ tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ tí ọ̀gá fi dù mí ló bà wá jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń tiro kọjá níwájú ilé mi ní Ìbà. Tẹ́lẹ̀, èébú la fi ń kí ara wa. Nísinsìnyí, "Ẹ káàárọ̀, sà" ló ń kí mi, èmi náà á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."