Ìyàwó Inú Páálí Ìṣáná

"Má mí sí i!" ni ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wí, mo sì yára fọwọ́ bo imú. Ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ro etí wa ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti sá a gbẹ. Wọ́n ń rọra fi í yí inú òdòdó kan tó pọ́n bí ìyeyè, àtíkè òdòdó náà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbọ̀n ọ́n sínú páálí ìṣáná, wọ́n pa á dé, wọ́n sì fi í sábẹ́ gèlè. "Ó yá, ká mú ìyàwó lọ sílé ọkọ."

Ilé kan ní Àpápá la wà, níbi tí Màmá ti ń lọ aṣọ ní gbogbo Sátidé. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, roboto bí ọsàn ńlá. Irú rẹ̀ kan náà wà nílé wa ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá àgbà, ọkọ Màmá, tí wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté Kírikírì nígbà ayé wọn, ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ atukọ̀ kan. Ọrọ́ yìí kì í yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtíkè ara rẹ̀ nìkan kì í sì í mú un so èso. Àfi kí wọ́n bá a wá ti ọrọ́ mìíràn. Òdòdó méjèèjì ti là láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá kò fẹ́ kí ohun tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ kú láìbímọ.

Ẹsẹ̀ la fi rìn, láàárín àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ ń din ẹyin lábẹ́ ọkọ̀ wọn, òórùn rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti epo dísù. Màmá ń fọwọ́ di gèlè mú. Awakọ̀ kan bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ gbé sórí?"

"Ìyàwó ni!"

"Háà! Ẹ kú ìnáwó o!"

Nígbà tí a délé, Màmá fi ìyẹ́ náà kó àtíkè inú páálí kun àárín òdòdó tiwa, wọ́n sì pariwo sí gbogbo ilé pé, "Ìyàwó ti wọlé o!" A rẹ́rìn-ín títí. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sí wa náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ ni obìnrin náà, ó sì fẹ́ràn àṣà wa ju àwa gan-an lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá ìkòkò ọrọ́ náà nínú adágún omi. Aránṣọ dúró tì í pẹ̀lú garawa, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mama, I don wash bride leg o! Yorùbá people, no be so una dey do?"

Omi púpọ̀ ni ikú ọrọ́ yẹn. Màmá wo omi, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, omijé tẹ̀ lé e. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ìwọ nìkan lo rántí wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Àmọ́ o fẹ́ fi omi pa ọkọ!"

Ìdí ọrọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà lóòótọ́. Màmá gé ibi tó rà kúrò, wọ́n fi eérú kun ojú ọgbẹ́, wọ́n sì gbé ìyókù lé yanrìn gbígbẹ. Aránṣọ ló ń gbé e lọ sóòrùn láràárọ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Abeg, no die." Ọrọ́ ń súnkì, èso orí rẹ̀ ń tóbi. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, àfi tí mo bá kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ tí èso náà là, tí a rí kóró dúdú wíńníwínní nínú rẹ̀, ọrọ́ ọ̀hún ti gbẹ di awọ lásán. Agolo mílíìkì ni Màmá gbin kóró sí, nígbà tí wọ́n sì hù, aránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ọ̀kan.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ọrọ́ yẹn wà lójú fèrèsé mi lónìí. Mo fẹ́ràn Màmá fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ ẹ̀rín àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí òdòdó bá là, mo máa ń mú ìyẹ́ adìyẹ lọ gba àtíkè lára ọrọ́ mìíràn, mo máa ń ṣe bí wọ́n ti ṣe, mo sì máa ń kígbe pé, "Ìyàwó ti wọlé o!" Àwọn ọmọ mi á sì sáré lọ gbé garawa pamọ́.