Agolo Mẹ́fà tí Ìyá Ìléru Buwọ́ Lù

Ìbínú obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ìbínú aláriwo. Bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa mọ́ ṣáká, ọ̀wọ̀ tó ń fún ènìyàn a sì máa pọ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń bá wí kò ní mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tó wí pé, "Ẹ dákun, ọ̀gá mi," wọn a ti mọ̀ pé òrùlé ti gbaná nìyẹn.

Ìyá Ìléru ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọ́jú iná ìléru kan ṣoṣo, nínú yàrá ìwádìí kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán nítorí páìpù tó gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ níbẹ̀. Arúgbó onímọ̀ tó gbé ìléru náà kalẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé obìnrin agbálẹ̀ yìí a máa fi imú mọ̀ pé gáàsì ń jò kí aago ìkìlọ̀ tó ké. Ló bá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́ ọ níṣẹ́. Arúgbó náà lọ sílé ìsinmi. Àwọn ọ̀gá wá, àwọn ọ̀gá lọ; ìléru kò mọ ẹlòmíràn lẹ́yìn obìnrin náà.

Iṣẹ́ náà rèé. Ìyẹ̀fun bóróònì, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ni yóò dà sínú ago irin pẹ̀lú ọta irin róbótó-róbótó, tí ẹ̀rọ yóò máa yí i fún ọjọ́ méjì gbáko. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé e wọ inú ìléru, tí yóò koná mọ́ ọn títí yóò fi gbóná ju omi híhó lọ ní ìlọ́po méjìlá, tí gáàsì amóníà, tí òórùn rẹ̀ ń tani nímú bí ìtọ̀ àná, yóò sì máa fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Náítírójìn inú gáàsì a wọ inú bóróònì. Dúdú a di funfun, ìyẹ̀fun a hu irun. Bí iná bá tutù tán tó sì ṣí i, òwú ni yóò bá níbẹ̀, òwú tí èémí lásán lè gbé lọ. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ihò bíi páìpù. Bí a bá di ẹgbẹ̀rún wọn pọ̀, wọn kò tó irun orí ẹyọ kan ní sísanra. Iná kì í tètè ràn án, òun náà kì í sì í já bọ̀rọ̀. Ìyá Ìléru a fi ásíìdì, omi oró tó ń jẹ irin, fọ èérí irin kúrò lára rẹ̀, a sì tún un sè nínú òògùn mìíràn, nítorí pé òwú yìí a máa kọ rọ́bà tí a bá pò ó mọ́ bí ìyàwó tí kò fẹ́ rí ọkọ rẹ̀, àfi bí a bá kọ́kọ́ tù ú lójú.

Ìdánwò ìkẹyìn, ọgbọ́n ara rẹ̀ ni. Yóò ju ìṣù òwú bíńtín sínú ìgò sípíríìtì, yóò mì í, yóò gbé e kalẹ̀, yóò sì ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ òwú tòótọ́, yóò léfòó nínú sípíríìtì bí ìkùukùu. Bí kò bá jẹ́ òwú, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí.

Àléébù kan ló wà nínú ìṣe rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ń di òwú sínú agolo, kálámù a sì máa yọ̀ bọ́. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó tó kan ohunkóhun, yóò buwọ́ lu gbogbo ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ agolo, yóò sì kó wọn sínú dúrọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí rí.

Ilé ìyọ́rin tó wà lódìkejì ọ̀nà béèrè agolo òwú mẹ́fà, láti pò ó mọ́ rọ́bà tí wọn yóò fi bo ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń da irin yíyọ́. Òwú a máa di rọ́bà mú nínú ooru bí gbòǹgbò ṣe ń di ilẹ̀ mú, kí ó má baà sán. Àbúrò Ìyá Ìléru, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lára àwọn adarin náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sán, tí irin yíyọ́ wọlé. Ìka méjì lẹ̀ pọ̀ mọ́ra lọ́wọ́ òsì rẹ̀ títí di òní. Òun ni wọ́n yàn láti kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ tuntun.

Agolo méjì ti kún nígbà tí ọmọbìnrin Ìyá Ìléru bímọ, ló bá gba àyè ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó padà dé, agolo mẹ́fà ló bá lórí tábìlì, ìbuwọ́lù rẹ̀ lára gbogbo wọn. Ó ṣí ìkẹta. Ó fi ìka pa á wò. Ó ń yọ̀ bí àtíkè. Ó lọ sí yàrá ẹrù, ó wo àpò ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n máa fi ń pa inú àwo ìléru kí nǹkan má baà lẹ̀ mọ́ ọn: àpò tó kún lọ́sẹ̀ tó kọjá ti fẹ́ rọ jọwọlọ.

Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ, dókítà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dákun, ọ̀gá mi, agolo méjì ni mo fi sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí, ta ló bí wọn?"

"Màmá, ẹ káàbọ̀! Ìyá ìkókó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Èyí tí ọmọ mi bí, mo rí oyún rẹ̀. Mẹ́rin yìí ni n kò rí oyún wọn."

Kíákíá rẹ́rìn-ín, ó ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Bóróònì àti náítírójìn ni òwú yín. Bóróònì àti náítírójìn ni ìyẹ̀fun inú àpò. Ohun kan náà ni."

"Igi ni òpó, ọ̀gá mi, igi náà ni ìyẹ̀fun pákó. Ẹ lọ fi ìyẹ̀fun pákó gbé àjà ilé yín ró, kí ẹ sì sùn sábẹ́ rẹ̀."

"Òní ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o, Màmá! Ìléru yín sì ń rìn bí ìgbín."

"Ìgbín tí ẹ rí yẹn, kò fi ilé ẹlòmíràn pe tirẹ̀ rí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá. "Ẹ rọra o. Ta ló buwọ́ lu agolo? Èmi ni, àbí ẹ̀yin?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣe é bí ẹni tí a da omi gbígbóná sí láyà. Ìbínú tó gbé wọlé fún ẹnì kan di ti ẹni méjì, òun alára sì ni ìkejì.

Kò tíì jáde nígbà tí fọ́máànù ilé ìyọ́rin kanlẹ̀kùn, àbúrò Ìyá Ìléru lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín mà le o! Àbí ìkókó ti tọ̀ sí yín lára ni?"

Ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀ ni Ìyá Ìléru ń wò. "Ẹ dákun, fọ́máànù, ẹ jókòó. Mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín."

"Ó rẹ Màmá ni," Kíákíá sáré wí. "Wọn ò sùn dáadáa nílé ọlọ́mọ. Màmá, àgbà kì í bínú."

"Àgbà tí kì í bínú, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ọmọ ìyá rẹ̀."

Ó to ìgò sípíríìtì mẹ́fà kalẹ̀, ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú agolo kọ̀ọ̀kan sí i, ó mì wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Nígbà tó fi dé ọgọ́rùn-ún, ìkùukùu wà nínú ìgò méjì. Nínú mẹ́rin, àtíkè ti tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀, sípíríìtì orí rẹ̀ sì ti ń mọ́ gaara.

Fọ́máànù gbé agolo kẹrin, ó kà á. "Ìbuwọ́lù ta nìyí?"

Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè wò ó.

"Tèmi ni. Kí òwú tó hù ni mo ti buwọ́ lù ú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ló fi àtíkè sínú agolo, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un."

"Nígbà náà, màmá, n kò lè gba ìkankan," ni fọ́máànù wí.

"Méjì yìí dára!" ni Ìyá Ìléru wí. " Ojú yín ló ṣe!"

"Ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára méjì náà ló wà lára mẹ́rin."

Ọwọ́ lásán ni fọ́máànù fi lọ. Àbúrò rẹ̀ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, màá ṣì máa lo ti àtijọ́ ná. Ẹ má kánjú." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìwé ìbáwí ti òkè wá, ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún Ìyá Ìléru, ọ̀rọ̀ kan náà láìyọ ẹyọ kan: àìbìkítà. Ó ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó parọ́ àti ẹni tó tú irọ́ fó, orúkọ kan náà! Ó ká a mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì, ó sì lọ da bóróònì sínú ago irin.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló gbà á. Bí ìkùukùu bá ti dúró nínú ìgò tán, nígbà náà ni yóò tó mú kálámù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjèèjì lọ́wọ́, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé bí ẹni ń gbẹ́ òkúta. Ìbuwọ́lù náà rí bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀. Orí agolo kẹfà ló wà nígbà tí Kíákíá yọjú.

"Màmá, inú ṣì ń bí yín ni?"

Kò gbórí sókè.

"Ẹ dákun, ọ̀gá mi..."

Kíákíá ti pa ilẹ̀kùn dé kí ìyókù ọ̀rọ̀ tó jáde.