Ọjọ́ Tí Ísáàlì Funfun Lójú Mi

Ọjọ́ tí mo pe àgbàlagbà ní olè lọ́jà Ìkìrun kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ìyàwó tuntun ni mí ní Òkukù nígbà náà. Nítorí wolé-wolé, mo ra ísáàlì, oògùn apakòkòrò tí a ó dà sí gọ́tà, lọ́wọ́ Ìyá Àjíkẹ́ lọ́jà náà. Dúdú ni nínú ìgò, àmọ́ bí mo ṣe dà á sómi nílé, ó funfun bí omi ògì.

Lọ́jọ́ ọjà kejì, mo da ìyókù sómi níwájú Ìyá Àjíkẹ́. Mo pariwo pé, "Ẹ wá wò ó! Ògì ni wọ́n tà fún mi! Olè!"

Ìyá Àjíkẹ́ ní, "Ọmọ mi, bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Àwọn oníbàárà wọn ti ń lọ nígbà tí wolé-wolé dé. Ó gbóòórùn omi náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, láti ara èédú irú èyí tí rélùwéè ń jó ni wọ́n ti ń rí i. Ojúlówó ló ń funfun nínú omi. Èyí tí kò bá funfun ni kẹ́ ẹ bínú sí."

Mo kúnlẹ̀ gbì, mo ń bẹ Ìyá Àjíkẹ́.

Ìyá ní, "Mo gbọ́. Àwọn ará Inísà tó gbọ́ èébú rẹ ti wọkọ̀ lọ. Ta ni yóò sọ fún wọn?"

Mo lọ sọ́jà Inísà, mo ń tọrọ àforíjì láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó gbọ́ èébú náà tí n kò bá. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ísáàlì, ilẹ̀ ni mo ń wò.