Ẹ̀rọ Tó Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Òǹwòran

Ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ Ràsáàkì tó ń ta páàtì ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ògbooro ní Ṣakí, àlejò ni onítọ̀hún. Kì í ṣe pé ó lówó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, páàtì rẹ̀ kò sì dáa ju ti ẹlòmíràn. Ẹnu ni. Ọkùnrin náà lẹ́nu! Bí o bá wá ra púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bú ọ pé báwo lo ṣe ń gun ọ̀kadà tí púlọ́ọ̀gì fi kú. Yóò bú ẹni tó ta ti tẹ́lẹ̀ fún ọ. Bó bá wá rántí pé òun gan-an ló tà á, yóò bú ara rẹ̀ kún un, kó tó gbowó. Àwọn èèyàn sì ń padà wá, torí kò sẹ́ni tí í kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn láì rẹ́rìn-ín.

Ohun kejì tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tí ọba méjì ti ń kó ọmọ ogun jara wọn. Báwo ni ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ṣe dẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì? Àgùnbánirọ̀ kan ló gba yàrá nílé bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Àgùnbánirọ̀ yẹn kò gbọ́ Yorùbá, Ràsáàkì kò gbọ́ èdè tirẹ̀, orí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí ìsìnlú rẹ̀, ó gbé pátákó rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n eré náà kò bá a lọ. Ó ti wọ Ràsáàkì lẹ́jẹ̀.

Ẹni tí yóò bá a ta á ló kù. Ayò ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n ta. Àfìgbà tó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, tó rí i pé ṣẹ́ẹ̀sì wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì lè bá èèyàn ta á. Ẹ wo ayọ̀! Agídí ló sọ ẹ̀rọ tó ń bá a ta ṣẹ́ẹ̀sì náà, torí bó ti wù kí wọ́n pa ọmọ ogun rẹ̀ tó, kì í gbà pé òun ti kú.

Kò pẹ́ tí àwọn aláyò fi gbé àpótí ìjókòó wọn kúrò nídìí ọpọ́n, wọ́n bá a jókòó yí Agídí ká. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó bá wọn: Ọlágòkè ọlọ́kadà tí ẹ̀pà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, Mákindé tó ń ṣe tíṣà, àti Tàjúdéènì, ọ̀rẹ́ Ràsáàkì láti ilé kéú. Òfin ayò ni wọ́n sì mú wá. Nídìí ayò, òǹwòran kì í panu mọ́. Ẹni tó ń ta ló lọ́wọ́, àwọn tó ń wò ló lẹ́nu. Wọ́n á máa nàka, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa pe ọ̀ta lópè. Ìjà sì ń bẹ lórí orúkọ. Ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kan wà tí í rìn ní ìdábùú, Mákindé ní Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pè é, Tàjúdéènì ní irọ́ ni, Lèmọ́mù ni, ẹ wo láwàní lórí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to, Ràsáàkì ní méjì-méjì kúkú ni wọ́n: kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olorì máa jẹ́ Lèmọ́mù, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọba máa jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, Fàtímọ̀, ìyàwó Tàjúdéènì, kú. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ju ti Ràsáàkì lọ, ó wá dákẹ́. Sodiqat ọmọ rẹ̀ ní bàbá òun kì í sọ ju “o ṣeun” lọ nílé, bí wọ́n bá gbóúnjẹ fún un, yóò kàn máa wò ó. Ìdí Agídí nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀. Bó bá ti rí i tí Ràsáàkì fẹ́ ṣì í, àyà rẹ̀ kì í gbà á, yóò pariwo, “Má gbé e! Ṣé o fọ́jú ni?” Ràsáàkì a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú, a bú u padà. Òun mọ̀ pé wákàtí kan yẹn ló ń mú ọ̀rẹ́ òun jáde nílé.

Ìgbà tí Mujeebat, ọmọ Ràsáàkì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, wálé fún ìsinmi, ló bá láptọ́ọ̀pù náà níbi tó ti ń kú lọ.

“Bàbá, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Wíńdòsì tó ń darí rẹ̀ yìí kò lè dúró mọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé Línúsì sí i dípò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.”

“Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí?”

“Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ló ń ṣe é, Bàbá. Wọ́n á wá fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé.”

“Ọlọ́run á san án fún wọn. Gbé e sí i.”

Ó gbé e sí i. Háà! Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé kó tó jí, èèyàn á ti lọ ṣàlùwàlá dé, wàràwàrà ló ń ṣí. Ràsáàkì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn fún àwọn oníbàárà. Ìgbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ló wá béèrè pé, “Agídí dà?”

Mujeebat wojú ilẹ̀. “Inú Wíńdòsì ni Agídí ń gbé, Bàbá. Kò lè gbé inú Línúsì.”

“O lé e jáde ni?”

“Ẹ má bínú, sà. Ṣẹ́ẹ̀sì pọ̀ nínú Línúsì. Ẹ yan èyí tó bá wù yín, màá fà á wọlé.”

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Tàjúdéènì ti dé, ó ti jókòó sáyè rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó mi orí, ó ní “ó dáa,” ó dìde, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì kò wá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Ẹ̀rù ba Ràsáàkì, kì í sì í ṣe ẹ̀rù eré. Ó ti rí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú rí, tó jókòó sílé, tó dákẹ́, tí ìdákẹ́ náà sì gbé e lọ. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun.

Ló bá pe Mujeebat. “Gbogbo ṣẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀, èyí tó gbọ́n jù láyé ni kó o mú wá.”

Mujeebat mú un wá. Ràsáàkì fúnra rẹ̀ lọ mú Tàjúdéènì nílé, ó ní kó wá wo ohun tí ojú kò rí rí. Wọ́n jókòó. Ràsáàkì gbé ọmọ ogun kan, kó tó mọ́wọ́ kúrò, ẹ̀rọ ti gbé tirẹ̀. Ó tún gbé, ẹ̀rọ tún gbé. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ṣe é, Ọlágòkè kò tíì jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán tí Ọba Ràsáàkì fi kú. Mákindé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Tirẹ̀ tún yá ju ìyẹn lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan sọ. Ta ni yóò bú ẹni tí kì í ṣì í? Tàjúdéènì dìde, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, oòrùn kò tíì wọ̀.

“Gbé e kúrò,” ni Ràsáàkì wí. “Ọlọ́pàá lèyí, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èyí tó lẹ́wà ni kó o wá fún mi.”

Èkejì lẹ́wà lóòótọ́! Àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń dán bí igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi òrí pa, èèyàn lè yí pátákó rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Bí o bá sì ń ronú pẹ́, ìlà aláwọ̀ ewé kan á yọ lójú ẹ̀rọ, á fi ibi tó yẹ kó o gbà hàn ọ́. Inú Ràsáàkì dùn dé ibi tó fi sáré lọ sílé Tàjúdéènì lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fi Fàtímọ̀ bẹ̀ ẹ́, kó tó dìde.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, Tàjúdéènì rí nǹkan. Ràsáàkì rí i tí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ là, tó gbọ́wọ́ sókè láti nàka, tó yanu. Ìlà aláwọ̀ ewé ti yọ. Ibi tí Tàjúdéènì fẹ́ tọ́ka sí gan-an ló gbà. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tàjúdéènì ní, “Ẹ̀rọ yín ti mọ̀ ọ́n,” ó sì gba ilé lọ.

Inú bí Ràsáàkì. Ó bú ẹ̀rọ, ó bú ìlà, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ da àwọ̀ ewé sínú ayé.

Mákindé rọra ní, “Bàbá Mujeebat, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iṣẹ́ wa lẹ̀rọ yìí ń ṣe. Àwa òǹwòran ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa.”

“Ó ṣeé pa, Bàbá,” ni Mujeebat wí. “Ìlà náà kò ní yọ mọ́.”

“Pa á kẹ̀? Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó wá ń dákẹ́, ẹ̀rù irú wọn ló ń bà mí jù.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mákindé ti wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán. Àṣé òun ló ti ṣì í! Òun rò pé ara ẹ̀rọ ni adùn eré wà, àṣé ẹnu àwọn tó jókòó tì í ló wà. Agídí kò gbọ́n, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rí i bú. Ó bú sẹ́rìn-ín lójijì, débi tí oníbàárà kan fi sún sẹ́yìn.

“Mujeebat! Wá èyí tó gọ̀ jù fún mi.”

“Bàbá, gbogbo ayé ló ń wá èyí tó gbọ́n.”

“Kí gbogbo ayé máa wá a lọ. Òpè ni kó o mú wá.”

Mujeebat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rí ọ̀kan tó kéré, tó burẹ́wà. Ó tún dín ọgbọ́n rẹ̀ kù débi tí kò ṣeé dín mọ́. Tàjúdéènì ní òun kò wá mọ́ láéláé. Ràsáàkì ní kò burú, bí Tàjú kò bá wá bá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á lọ bá Tàjú. Ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Ọlágòkè, ó gbé láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Mákindé gbé àpótí ìjókòó lérí tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tẹ́ ọjà wọn sí ìta Tàjúdéènì láì tọrọ àyè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Òpè náà ṣe bí òpè! Ó ronú, ó ronú, ó tún ronú, ó wá gbé Olorì rẹ̀ wá sójú ọ̀nà Lèmọ́mù Ràsáàkì. Ọlágòkè figbe ta, ẹ̀pà tú dànù lẹ́nu rẹ̀. Ràsáàkì pa Olorì, ó dìde jó, ó tún jókòó. Ẹ̀rín wá pa á débi pé òun náà ṣì í, ó gbé Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí àárín ewu, ó sì fẹ́ fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

“Ẹṣin!”

Gbogbo wọn yíjú padà. Tàjúdéènì dúró lẹ́nu ọ̀nà, singílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó ń nàka sí ojú ẹ̀rọ.

“Ẹṣin ni, Ràsáàkì! Ìwọ aláìgbọ́n yìí! O fẹ́ fẹṣin ta òpè lọ́rẹ! Ta ló ṣépè fún mi tí mo fi ń bá ọ rìn láti ilé kéú? Sún, sún níbẹ̀!”

Ó jókòó. Ó bú Ràsáàkì, ó bú ẹ̀rọ, ó bi Mákindé pé irú Bíṣọ́ọ̀bù wo ló ń rìnrìn àjò láì dágbére. Sodiqat gbé abọ́ ẹ̀wà jáde, bàbá rẹ̀ kò wojú abọ́, ó kàn ń jẹ ẹ́, ó ń nàka, ó ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí abọ́ gbẹ ló tó rí i pé òun ti jẹun. Ràsáàkì ń wò ó, ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi tí kò mọ ibi tí ó gbé ọmọ ogun sí mọ́.

Láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí ké pé iná fẹ́ tán nínú òun. Wọ́n sì ti ń pèrun Mọ̀gàríbì. Ọba òpè náà nìkan ló kù ní igun kan.

“Ẹ jẹ́ kí n tètè pa á ká dìde,” ni Ràsáàkì wí.

Tàjúdéènì fọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ. “Má pa á. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá dọ̀la, màá wá sí ṣọ́ọ̀bù wá pa á fúnra mi.”

Gbogbo wọn wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Fàtímọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ “ọ̀la” lẹ́nu ọkùnrin yìí. Sodiqat tó ń kó abọ́ dúró gbagidi.

“Kí lẹ ń wò mí sí?” ni Tàjúdéènì béèrè.

Ràsáàkì ẹlẹ́nu, Ràsáàkì tí í bú oníbàárà kó tó tajà fún un, kò bú ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹrí ba, ó ń wá fìlà rẹ̀ kiri abẹ́ àpótí, fìlà sì wà lórí rẹ̀.