Mma Seboni Kò Mojú Ẹnìkan

Ẹ má bá Mma Seboni ṣeré lẹ́nu iṣẹ́! Òun ló ń ṣọ́ ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìlú Gàbóróònè, níbi tí wọ́n ti ń wádìí àrùn tó ń run agbo màlúù. Ẹni tó bá wọ inú lọ́hùn-ún, yóò wẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó jáde, kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ màlúù fún ọjọ́ márùn-ún.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan, Rra Motlhabane, wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wa wà. Bí kò bá buwọ́ lù ú, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ wa pa. Ọ̀gá wa bẹ Mma Seboni: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe bàbá yìí o."

Bàbá yẹ inú wò tán, ó wọ ilé ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, ó ti jáde!

"Bàbá, irun yín gbẹ. Ẹ padà."

"Mo ti wẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ lẹ wẹ̀."

Èmi tí mò ń fọ aṣọ níbẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọ̀gá wa ń làágùn. Bàbá padà wẹ̀. Ó jáde, Mma Seboni tún na ìwé sí i kó buwọ́ lù ú, pé òun kò ní dé ọ̀dọ̀ màlúù fún ọjọ́ márùn-ún.

"Kí lo wí? Sátidé ni wọ́n ń kó màlúù ìdána ọmọ mi wá! Ta ló máa gbà wọ́n?"

"Àbúrò yín."

"Ṣé o tiẹ̀ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa. Àrùn ni kò mọ̀ yín."

Yéè! Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

"Ìwọ alára, ṣé o tiẹ̀ ní màlúù?"

"Mẹ́rìnlá, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mi ò fọwọ́ kan ìkankan. Fótò ni mo fi ń mọ̀ wọ́n."

 Bàbá gba bírò, ó buwọ́ lu ìwé ọjọ́ márùn-ún, ó sì lọ láìsọ nǹkan kan nípa owó. Ọkàn wa ò balẹ̀ rárá.

Sátidé, fóònù Mma Seboni dún. Rra Motlhabane ni, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi tí gbogbo wa fi ń gbọ́ ọ.

"Màmá, ojú títì ni mo wà, wọ́n ń kó àwọn màlúù náà wọlé. Ṣé mo lè máa wò wọ́n látibí?"

"Ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ látọ̀dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ wọn?"

A gbọ́ tí mọ́tò ń rìn.

"Mo ti sún sẹ́yìn. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé mo ti fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ yẹn lánàá."

Mo fò sókè! Mma Seboni ò tiẹ̀ mira. Ó fi fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni wọ́n?"

Bàbá sì ṣàpèjúwe wọn fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí màlúù mẹ́jọ fi pé.