Tòlótòló Ìgbẹ́ Tó Gun Orí Ebè Mi

Dọ́là méjìdínlógún ni mo ra òwìwí oníke. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ fi òwìwí ṣe ní Bronx, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé oko bàbá mi, torí ibẹ̀ ni ìjà èmi àti ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n ṣọ́ àgbàdo tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Àparò ni ọ̀tá mi. Ẹyẹ kékeré, aṣọ rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó ti oko bọ̀ tí kò wẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ju ti lọ́yà lọ. Kì í fò bí kò bá di dandan. Ẹsẹ̀ ló fi ń sá, á kàn yọ́ gba abẹ́ koríko. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, á ti máa ké, bí ẹni tó ń pe ẹbí rẹ̀ wá jẹun. Á wá fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á yọ hóró àgbàdo tí a gbìn lánàá, á gbé e mì. Bí kò bá rí àgbàdo, á jẹ ikán, á jẹ èso koríko, á jẹ kòkòrò. Mo máa ń lu agolo, mo máa ń bú u títí ohùn mi á fi há. Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi.

"Bú u dáadáa. Bó bá gbọ́ orúkọ ìyá ẹ̀, á lọ."

Bàbá mi kì í bú ẹyẹ ní tirẹ̀. Tàkúté ló máa ń dẹ fún un. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹyẹ tó jẹ àgbàdo wa láàárọ̀ á ti wà nínú ìkòkò pẹ̀lú ata. Ẹjọ́ parí nìyẹn.

Ẹ wá wo bí mo ṣe di ẹni tí ẹyẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ ń gbé ní Williamsbridge, ní Bronx níbí, a ní ẹ̀yìnkùlé kékeré kan. Mo ní kí n gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, kí n máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kọ ebè mẹ́fà. Mo kó ewé gbígbẹ bò wọ́n lórí, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe kí oòrùn má baà jó ilẹ̀. Ewé tí àwọn aládùúgbò dì sínú àpò fún ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, èmi lọ tọrọ rẹ̀, mo kó o pamọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò mọ̀ pé àsè ni mo ń tẹ́ sílẹ̀ fún tòlótòló ìgbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ilé gogoro nìkan ló wà ní New York, tòlótòló ìgbẹ́ wà níbí o! Inú igbó páàkì ló ti ń jáde. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, orí rẹ̀ pá, ẹran pupa kan rọ̀ sí i lọ́rùn bíi táì. Abẹ́ ewé gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀ wà: ekòló, kòkòrò, èso igi tó já bọ́. Á fẹsẹ̀ kan ha ewé, á fi èkejì ha á, á sún sẹ́yìn, á wò ó bí ẹni tó ń yan ẹja lọ́jà. Bó bá yó tán, á dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, á máa dà á sára bíi pàúdà. Orí igi ló ń sùn. Akọ rẹ̀ tún ya òmùgọ̀: ó rí àwòrán ara rẹ̀ lára mọ́tò ọmọ mi, ó ní ọ̀tá dé, ó fi ẹnu ṣá a títí ọ̀dà mọ́tò fi bó.

Àwọn àgbà ní kò sí àparò tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹyẹ tó ti ga tẹ́lẹ̀ wá gun orí ebè tèmi! Ebè mẹ́ta ló tú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó hú tẹ̀tẹ̀ mi dànù, ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wọ oko rẹ̀.

Mo mú okùn tàkúté. Mo ti ń ta kókó rẹ̀ nígbà tí ọmọ mi sáré jáde. Ibí ni mo bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ò lè mú un. Ìjọba á ní kí ẹ san fáìnì."

"Kí èmi san fáìnì? Òun tó jẹ oko olóko, ta ló máa san tiẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹyẹ ni."

"Ṣé màlúù ni mo pè é?"

Òun ló ní kí n ra òwìwí oníke, pé ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ẹyẹ. Mo rà á, torí ìyá kan nínú ìjọ wa ti ní òun fẹ́ ogún ìdì tẹ̀tẹ̀ fún ìkómọ ọmọ-ọmọ òun, dọ́là mẹ́ta ìdì kan, ebè mẹ́ta tó kù ni mo sì gbójú lé.

Ẹ gbà mí gbọ́, òwìwí náà ṣiṣẹ́! Mo gbé e sórí ọgbà, tòlótòló wò ó lókèèrè, ó yí ẹ̀yìn padà. Tẹ̀tẹ̀ mi tutù yọ̀yọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí òwìwí mi pé, "Ṣọ́jà mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìyá ìjọ ní òun máa wá fojú ara òun yan ewé. Ó wọlé ní Sátidé, bí ó ṣe gbójú sókè báyìí:

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí nìyẹn?"

"Òwìwí ni, mà. Oníke ni."

"Ní ọ̀sán gangan!"

"Oníke ni mo ní, mà. Wọ́n kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀ pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é."

"Ṣé àwọn yẹn kì í dé Ṣáínà ni? Ewé tí òwìwí ń ṣọ́, òun lẹ fẹ́ kí n fi se ọbẹ̀ ọmọ tuntun?"

Ẹ̀yìn ni ó fi ń rìn dé ìdí mọ́tò rẹ̀, ó ń gbàdúrà. Kó tó dé ilé, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ti gbọ́ lórí fóònù. Inú bí mi! Ṣùgbọ́n n kò lè dá a lẹ́bi. Ká ní ìyá mi rí òwìwí lóko wa lọ́sàn-án, á fi àgbàdo sílẹ̀ fún àparò, á gbé mi pọ̀n, ó di ilé. Ìlú yìí ló jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí òwìwí jẹ́.

Mo sọ òwìwí sínú ìdọ̀tí lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ìyá ìjọ á yí ọkàn padà. Ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá tòlótòló àti àwọn ìyàwó rẹ̀ lórí ebè. Wọn ò ṣẹ́ ewé kan kù.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ẹyẹ á jẹ oko wa, àwa náà á jẹ ẹyẹ. Nísinsìnyí, ẹyẹ ń jẹ mí, òfin ń ṣọ́ ẹyẹ, àwọn ará ìjọ ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Òwìwí lọ, ogún ìdì tẹ̀tẹ̀ lọ, n kò sì tọ́ omi ọbẹ̀ ẹran tòlótòló wò. Gbogbo àdánù mi, dọ́là méjìdínlọ́gọ́rin.